Kẹ̀kẹ́ ọparun: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ibi tí agbára rẹ̀ wà, àti ohun tó ń bà á jẹ́

Ọparun tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni a lè fi ṣe férémù kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló sábà máa ń tẹ̀lé e: ṣé kò ní í ṣẹ́ mọ́ èèyàn nídìí? Ṣé òjò kò ní í bà á jẹ́? Ṣé kòkòrò kò ní í jẹ ẹ́? Ìbéèrè gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn èèyàn kì í béèrè ló ṣe pàtàkì jù: kí ló so ọ̀pá kan mọ́ èkejì? Bí kẹ̀kẹ́ ọparun bá bàjẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé àárín ọ̀pá tó dára ló ṣẹ́. Oríkèé ló sábà máa ń yẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọ̀pá tí wọn kò jẹ́ kó gbẹ dójú àmì kí wọ́n tó lò ó.

Férémù nìkan ni ọparun ń ṣe lára kẹ̀kẹ́ náà: ọ̀pá òkè tó wà láàárín itan, ọ̀pá tó dagun láti ọrùn kẹ̀kẹ́ wá sí ilé pẹ́dà, ọ̀pá tí àga dúró lé, àti ọ̀pá wẹ́rẹ́ mẹ́rin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Ṣéènì, ríìmù, sípóòkù, bíréèkì àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, irin tàbí alumíníọ̀mù ni wọ́n bíi ti kẹ̀kẹ́ yòókù. Nínú férémù náà pàápàá, oríṣi irin mẹ́rin wà tí kò ṣeé yọ sílẹ̀: páìpù ọrùn tí fọ́ọ̀kì ń yí nínú rẹ̀, ilé pẹ́dà, páìpù kúkúrú tí ọ̀pá àga ń wọ̀, àti etí irin méjì tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀ sí. Fọ́ọ̀kì iwájú, irin ni kó jẹ́. Àwọn kan ti fi ọparun ṣe é rí, ṣùgbọ́n a kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Bí férémù ọparun bá ń là, á máa ké, èèyàn á sì rí àyè dúró. Bí fọ́ọ̀kì bá kán lórí eré, ojú lèèyàn máa fi gbá ilẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1894 ni Bamboo Cycle Company pàtẹ kẹ̀kẹ́ ọparun ní Lọ́ńdọ̀nù. Irin ló gba ọjà lẹ́yìn náà, títí di àárín àwọn ọdún 1990 tí Craig Calfee, ẹni tó ń ṣe férémù kẹ̀kẹ́ ní California, tún gbé e dìde. Nítòsí wa níbí, àwọn ará Gánà ló ti rìn jìnnà jù nídìí rẹ̀. Ghana Bamboo Bikes Initiative tí Bernice Dapaah ń darí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni férémù tí ilé-iṣẹ́ my Boo ń tà ní Jámánì, agbègbè Àṣáńtì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọparun tó pọ̀ jù ní Gánà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bambusa vulgaris, òun náà ló wà létí odò ní ilẹ̀ wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ gbẹ ju ti Àṣáńtì lọ, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe férémù. A máa dé ibẹ̀.

Ibi tí ọparun ti le, àti ibi tí kò ti le

Ẹbí koríko ni ọparun, òun àti ìrèké àti àgbàdo. Okùn tínínrín-tínínrín ló gùn nínú ara rẹ̀ láti ìdí dé òkè, wọ́n sì pọ̀ sí ẹ̀bá èèpo ju inú lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi sáńpépà họ gbogbo ara ọ̀pá kó lè dán, ibi tó lágbára jù ló ń họ dànù. Bí a bá fà á ní ìnàró tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ láti orí wá sí ìdí, ó le gan-an. Àìlera rẹ̀ wà ní ìbú. Kò sí okùn tó gba ìbú kọjá, ìdí nìyẹn tí àdá lásán fi lè là á láti òkè dé ilẹ̀. Kókó tó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ògiri tínrín tó dí inú kókó náà, ló ń dá ẹ̀là dúró.

Láti inú èyí ni òfin àkọ́kọ́ ti wá: ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ má fi bóòtù dè é, ẹ má lu ihò sí àárín ọ̀pá. Káfíńtà tó mọṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú igi lè ṣi èyí ṣe, nítorí igi máa ń gba ìṣó. Lára ọparun, ibi ihò yẹn ni ẹ̀là á ti bẹ̀rẹ̀, bó pẹ́ bó yá. Bí ẹ bá fẹ́ gbé igò omi tàbí ẹrù sí i lára, bẹ́líìtì ni kí ẹ fi dè é, tàbí kí ẹ lẹ irin kékeré mọ́ ọn pẹ̀lú oríkèé nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Yíyan ọparun

Ọparun tó ti lo ọdún 3 sí 5 ni kí ẹ gé. Èyí tó kéré sí bẹ́ẹ̀ lè ga bíi ti àgbà, nítorí láàárín oṣù díẹ̀ ni ọparun ti ń ga tán. Líle ló ń fi ọdún tó kù le. Èyí tó gbó, ewé gbígbẹ tó máa ń bo ìdí kókó rẹ̀ ti re tán, àwọ̀ rẹ̀ kò dán mọ́, ẹ ó sì rí àbàwọ́n funfun bí èéhù lára èèpo. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn àdá kàn án, ohùn rẹ̀ á ké. Ti ọ̀dọ́ máa ń dún bọ́tọ́. Èyí tó ti dàgbà jù, tó ti ń gbẹ lójú gígan, ẹ fi í sílẹ̀ fún bíríkìlà.

Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni kí ẹ gé e. Ní àkókò òjò, omi àti sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀, oúnjẹ kòkòrò sì ni sítáàṣì. Gẹ́rẹ́ òkè kókó àkọ́kọ́ tó hàn lórí ilẹ̀ ni kí ayùn gbà. Bí ẹ bá gé e sókè kókó jù, ohun tó kù á di ago tí omi òjò á máa dúró sí, á sì jẹra wọ ìdí rẹ̀. Ẹ má gé ju ìdá mẹ́ta àwọn tó gbó nínú igbó kan lọ lọ́dún kan, ẹ má sì fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ tó ń yọ. Ìdí tí a kò bà jẹ́ á máa mú òmíràn wá láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín.

Ìwọ̀n tí ẹ ń wá nìyí. Fún ọ̀pá mẹ́ta ńláńlá, kí ìta rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 35 sí 45, kí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 5 ó kéré tán. Fún ọ̀pá wẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, mìlímítà 18 sí 25 ni. Ọparun tiwa máa ń tóbi ju èyí lọ nídìí, ara rẹ̀ sì nípọn, nítorí náà òkè rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọ̀pá tó bá férémù mu. Ṣóńṣó àti ẹ̀ka ńlá ni ẹ ó ti rí ti ẹ̀yìn. Ẹ yí i lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tẹ́ láti mọ̀ bó bá tọ́. Férémù kan kò gbà ju mítà 3 àbọ̀ lápapọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ gé ìlọ́po méjì, nítorí àwọn kan á là nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ. Ó sàn kí wọ́n là nínú ilé ju kí wọ́n là lábẹ́ yín lọ.

Kòkòrò àti gbígbẹ

Bambusa vulgaris ní sítáàṣì púpọ̀, kòkòrò kékeré tó ń lu igi sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ìyẹ̀fun funfun tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ọparun àtijọ́ nínú ilé, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ọparun tí wọn kò tọ́jú lọ́wọ́ kòkòrò ṣe férémù lè má rí ohunkóhun fún oṣù mẹ́fà, kó wá rí ihò wínníwínní lójijì, inú ọ̀pá náà á sì ti dòfìfo.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ti àwọn àgbà ni kí a rì í sínú omi odò, kí a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi á fọ sítáàṣì jáde, á sì rùn. Ó ń dín jíjẹ kòkòrò kù ni, kò lé e tán. Èkejì ni èyí tí a fọwọ́ sí: bóráàsì, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, àti boric acid tí ẹ ó rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà. Fún dúrọ́ọ̀mù tí ẹ bu omi lítà 100 sí, kílò 3 bóráàsì àti kílò 2 boric acid. Omi gbígbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pò wọ́n, torí wọn kì í tètè yòrò nínú tútù. Kí ẹ tó rì í sínú rẹ̀, ẹ fi ọ̀pá irin gígùn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn, lu ògiri inú gbogbo kókó kí oògùn lè wọ inú. Èèpo ọparun kò jẹ́ kí omi wọlé láti ìta. Ọjọ́ 7 sí 10 nínú oògùn ti tó. Omi tó bá ṣẹ́kù, ẹ pa á mọ́ fún èyí tó ń bọ̀, ẹ má dà á sí odò tàbí sí ẹ̀bá oko, nítorí ó ń pa irúgbìn.

Gbígbẹ ló kàn, ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ nà án ró nínú ilé tí atẹ́gùn ń gbà, kúrò lójú oòrùn, fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Bí oòrùn bá pa á tààrà, ìta á gbẹ, á sún kì, nígbà tí inú ṣì tutù, á sì là. Ọyẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí oòrùn. Ẹ fi ọ̀dà tàbí àbẹ́là yíyọ́ dí ẹnu ọ̀pá méjèèjì kí omi má bàa yára jáde láti ibẹ̀. Láti mọ̀ bó bá ti gbẹ, ẹ máa wọn ọ̀pá kan lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbẹ dé ibi tí afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn lè gbẹ ẹ́ dé.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ọparun tó "gbẹ" ní oṣù Keje ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ní omi nínú ju èyí tó gbẹ ní oṣù Kìíní lọ. Bí ẹ bá fi ti oṣù Keje ṣe férémù, tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá dé, ọ̀pá á tún sún kì. Irin tó wà nínú oríkèé kì í sún kì pẹ̀lú rẹ̀, ọparun á sì fi agídí là. Ọ̀pọ̀ férémù tí wọ́n ní "ọparun wa kò dára fún kẹ̀kẹ́" nípa rẹ̀, àṣìṣe àkókò ló bà á jẹ́. Ètò tó bá ilẹ̀ wa mu ni pé kí a gé e nígbà tí oṣù Kejìlá bá bẹ̀rẹ̀, kó lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú oògùn, kó gbẹ nínú ilé títí ìparí oṣù Kẹta, kí a sì ṣe férémù kí òjò tó gbó. Bí ó bá ti di ìgbà òjò, ẹ dúró de ọyẹ́ mìíràn.

Lẹ́yìn gbígbẹ, ọ̀pọ̀ máa ń fi iná gáàsì rà á. Ẹ máa yí ọ̀pá náà, kí iná má dúró sójú kan, títí àwọ̀ rẹ̀ fi di pupa rúsúrúsú. Òróró á làágùn jáde lára èèpo; ẹ fi àkísà nù ún kó tó gbẹ. Ògiri inú kókó gbọ́dọ̀ ti lu kí iná tó dé ibẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè bẹ́ bí ìbọn.

Oríkèé

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú nípa kẹ̀kẹ́ yìí ni bí ọ̀pá méjì tí kò sí ìṣó láàárín wọn ṣe ń di ọ̀kan. Wọ́n ń rí ohun dúdú tàbí pupa tó wú síbi tí ọ̀pá ti pàdé, wọ́n rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Òun gan-an ni kẹ̀kẹ́ náà. Okùn fáíbà tí a rẹ sínú gọ́ọ̀mù, tí a wé yí ọ̀pá ká ní oríṣiríṣi ìdagun, tí ó wá gan bí òkúta. Bí teguntegun ṣe ń fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ni, ó kàn jẹ́ pé a kì í tú èyí mọ́.

Níbi irin, ọ̀nà tó rọrùn jù níbí ni kí ẹ ra férémù irin tòkunbọ̀ tó ti kán tàbí tó wọ́. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà gé páìpù ọrùn, ilé pẹ́dà, ẹnu ọ̀pá àga àti etí ẹ̀yìn kúrò lára rẹ̀, kó sì fi kùkùté páìpù sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 sílẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọparun lè wọ̀ ọ́ lórí bí ìbọ̀wọ́. Kí inú ọparun fi bíi ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan fẹ̀ ju kùkùté lọ. Ibẹ̀ ni gọ́ọ̀mù ń gbé. Bó bá há jù, gọ́ọ̀mù á fún jáde, ọ̀pá á sì là nígbà ọyẹ́. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé bíárìn, pẹ́dà àti ọ̀pá àga tó bá férémù yẹn wá á tún wọ̀ ọ́ padà láìsí wàhálà ìwọ̀n. Ẹ fi fáìlì ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin á fi funfun, kí ẹ fi tínà nù ún, kí ẹ má sì fi ọwọ́ kàn án mọ́. Òróró ọwọ́ lásán ti tó láti mú gọ́ọ̀mù yẹ̀. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ni irin yín, tí ẹ sì fẹ́ fi okùn kábọ̀nù wé e, ẹ fi fáíbà gíláàsì ìpele kan sáàárín, nítorí kábọ̀nù tó bá kan alumíníọ̀mù nínú ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́.

Níbi tí ọparun ti pàdé ọparun láìsí kùkùté, ẹ fi fáìlì olójú yíká gbẹ́ ẹnu ọ̀pá kan kó lè gbá èkejì mọ́ra. Àyè tó bá ju mìlímítà kan lọ, ẹ tún un gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà oníyẹ̀pẹ̀ líle, nọ́ńbà 60 tàbí 80, họ èèpo níbi tí oríkèé máa bò nìkan, títí dídán rẹ̀ á fi lọ. Gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ èèpo ọparun tó ń dán, bó ti wù kó lágbára tó. Oríkèé tí ẹ bá rí tó ṣí kúrò lódidi, tí inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, èèpo tí wọn kò họ ló fa á.

Epoxy ni kí gọ́ọ̀mù náà jẹ́, èyí tí a ń po rẹ́síìnì tirẹ̀ mọ́ hádínà, ohun tó ń mú un gan; kì í ṣe rẹ́síìnì tí àwọn tó ń tún báńpà mọ́tò ṣe ń lò. Rẹ́síìnì báńpà, pólíẹ́sítà ni. Kò lẹ̀ mọ́ ọparun dáadáa, á sì máa ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Epoxy oníṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n ń tà nínú túùbù kékeré náà kò yẹ fún oríkèé. Ẹ lè fi gán ọ̀pá pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tán. Ẹ ra epoxy tó ń lọ́ra gan, nǹkan bíi kílò kan fún férémù. Bí ìgò bá sọ pé 100 sí 30 ní ìwọ̀n, gíráàmù 100 rẹ́síìnì gba gíráàmù 30 hádínà, lórí òṣùwọ̀n, kì í ṣe ní ojú. Ẹni tó ti mọ́ pólíẹ́sítà lára máa ń rò pé bí hádínà bá pọ̀ sí i, á tètè gan. Pẹ̀lú epoxy, èyí tó bá lé kò ní ohun tó máa dì mọ́, á kàn máa rọ̀ títí ayé ni.

Ooru wa náà ní tirẹ̀. Epoxy tó wà nínú ago máa ń gbóná fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́, ago tó kún lè yọ èéfín kó sì gan lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wé oríkèé kan tán. Gíráàmù 60 sí 80 ni kí ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan, nínú àwo tó tẹ́, ní ìdájí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹni tí epoxy bá ti kàn lára léraléra, àwọ̀ ara rẹ̀ lè kọ̀ ọ́ pátápátá, tí kò ní í lè súnmọ́ iṣẹ́ náà mọ́.

Fún okùn, fáíbà gíláàsì tí a hun bíi tẹ́èpù dára, kábọ̀nù dára, okùn ara ewéko bíi èyí tí wọ́n fi ń hun àpò kòkó náà ṣeé lò bó bá gbẹ tó sì mọ́. Ẹ yẹra fún fáíbà gíláàsì tí a gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ tí a tẹ̀ pọ̀ bí aṣọ. Ohun tó di èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn pọ̀, inú pólíẹ́sítà ló ti ń yòrò. Nínú epoxy kì í yòrò, afẹ́fẹ́ á sì há sínú rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe wé e nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi epoxy tí ẹ po ìyẹ̀fun igi mọ́ gán ọ̀pá, kí ẹ sì fi kún igun inú títí yóò fi yípo, torí okùn tó bá gba igun ṣíṣúnmú kọjá kì í fara mọ́ ọn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà họ ọ́, kí ẹ rẹ okùn, kí ẹ sì wé e ní ìdagun, láti ara ọ̀pá kan kọjá sí èkejì, kí ẹ tún dá a padà sí òdìkejì. Wíwé yípo nìkan ń fún ọ̀pá mọ́ra, kò ní í dá a dúró kó má fà yọ. Kí ó nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 6 ní ọrùn àti lábẹ́ àga, 8 sí 10 ní ilé pẹ́dà, kó máa tín-ín-rín lọ títí dé sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 lórí ọ̀pá. Bó bá parí lójijì bí ẹnu àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni ọ̀pá á ti ṣẹ́. Kẹ́yìn, ẹ gé túùbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sí okùn rọ́bà, kí ẹ fi di oríkèé náà pinpin lórí ọ̀rá tí ẹ ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí, kí epoxy tó pọ̀ jù àti afẹ́fẹ́ lè fún jáde. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ tú u. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ náà kó tó pé ọjọ́ méje. Àwọn tó ń ṣe ìlù ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fa ọṣán kó le lórí igi, máa tètè mọ iṣẹ́ yìí ju wẹ́dà lọ.

Ẹ rántí fi epoxy kun inú ẹnu gbogbo ọ̀pá kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, ìta ní èèpo tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ sì lu ihò mìlímítà 5 sí abẹ́ irin ilé pẹ́dà kí omi òjò lè máa jò dànù.

Kó tọ́

Kẹ̀kẹ́ tó wọ́ ń sú ẹni tó ń gùn ún, ó sì ń jẹ táyà. Ẹ ya férémù sórí pákó pílíwúùdù mìlímítà 18 ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì de irin mọ́ ọn kó má lè mì kí gọ́ọ̀mù tó gan. Láti mọ gígùn ọ̀pá férémù tí àga dúró lé, ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ojú itan láìwọ bàtà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.66, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 á lo bíi 53. Ọrùn àti ọ̀pá tí àga dúró lé máa ń dagun ní bíi dígírì 72 sí 73. Àyè tó wà láàárín etí ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ fi họ́ọ̀bù (irin àárín táyà tí sípóòkù ti jáde) tí ẹ máa lò gan-an wọn ọ́n. Ti kẹ̀kẹ́ onígíà orí òkè sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 135. Lẹ́yìn náà, ẹ fa òwú láti etí ẹ̀yìn ọ̀tún gba ara ọrùn lọ sí etí ẹ̀yìn òsì. Kí àyè tó wà láàárín òwú àti ọ̀pá tí àga dúró lé dọ́gba lápá méjèèjì, ó pọ̀ jù kó fi mìlímítà kan yàtọ̀.

Igi ńkọ́?

Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí Karl von Drais gbé jáde ní Jámánì ní 1817, igi ni. Títí di òní, ilé-iṣẹ́ Ghisallo ní Ítálì ń fi igi ṣe ríìmù. Férémù igi sábà máa ń jẹ́ pákó méjì tí a gbẹ́ inú wọn, tí a wá lẹ̀ pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ó nílò ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tó péye àti igi tó gbẹ gidigidi, igi tó le tó sì dára, bí ìrókò àti apá, sì wúwo, wọ́n ń tán lọ nínú igbó, wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ọparun ló bọ́gbọ́n mu.

A kò sì ní í sọ pé ohun gbogbo nípa kẹ̀kẹ́ ọparun ló mọ́ fún àyíká. Láti ara epo rọ̀bì ni epoxy ti ń wá, irin sì ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó dín kù ni irin férémù, pẹ̀lú iná tó ń yọ́ ọ, àti férémù tòkunbọ̀ tí à bá dà nù.

Lílò rẹ̀, àti ohun tí ẹ̀là ń sọ

Kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, ẹ to àpò sìmẹ́ǹtì méjì, kílò 100, sórí pákó tó dúró lé ibi àga, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tún fa òwú wò. Bí ohunkóhun bá yẹ̀, oríkèé náà kò dára. Ìdánwò yìí kò tó ti ISO 4210, ìlànà àgbáyé fún ààbò kẹ̀kẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń tẹ férémù níbi pẹ́dà ní ìgbà 100,000. Ṣùgbọ́n á fi oríkèé tí kò lẹ̀ hàn.

Òjò kì í pa á bí fáníìṣì rẹ̀ bá pé. Oòrùn ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Epoxy lásán tó gan nínú ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní bíi dígírì 50 sí 60, abẹ́ páànù tàbí inú mọ́tò tí a tì mọ́ oòrùn sì lè dé ibẹ̀. Oríkèé dúdú ń gbóná ju èyí tó mọ́ lára lọ. Ẹ máa gbé e sí ibòji, kí ẹ fi fáníìṣì ọkọ̀ ojú omi kùn ún lọ́dọọdún, nítorí ìtànṣán oòrùn ń jẹ epoxy.

Lóṣooṣù, ẹ nù ún, kí ẹ wò ó fínnífínní. Ẹ̀là tínrín bí irun tó gùn láàárín kókó méjì, tí kò dé oríkèé, kì í ṣe àjálù: ẹ da epoxy ṣíṣàn sí i, kí ẹ họ èèpo ibẹ̀, kí ẹ wé okùn ìpele méjì tàbí mẹ́ta yí i ká, kí ẹ sì di í mọ́ra títí yóò fi gan. Bí ẹ̀là bá ti gba kókó kọjá, tàbí tó ti wọ abẹ́ oríkèé, ẹ má gùn ún mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìlà funfun létí oríkèé, tàbí ariwo kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ tó ń wá nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, túmọ̀ sí pé gọ́ọ̀mù ti ń ṣí. Ẹ kọ́kọ́ tún pẹ́dà àti àga dì, nítorí àwọn náà máa ń ké. Bí ariwo kò bá lọ, ẹ gbá ẹ̀gbẹ́ owó kọ́ìnì mọ́ oríkèé náà káàkiri: ibi tó lẹ̀ á dún ṣáńṣán, ibi tó ti ṣí á dún bíi pé ó ṣófo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká, ẹ ha á dé ibi tó ṣì lẹ̀, kí ẹ sì tún un wé láti ibẹ̀.